Apá Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Àwòrán

Obìnrin inú àwòrán náà ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tí a wọlé, àfi bíi pé kò tíì mọ̀ pé wọ́n ti gé apá òun lọ.

Àwòrán ńlá ni, ó ga ju èmi Sájẹ́ǹtì Ọláṣùpọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe ènìyàn kúkúrú. Ìyá arúgbó kan ló jókòó sórí àpótí nínú rẹ̀, ó ró aṣọ mọ́ àyà. Ọrùn àti èjìká rẹ̀ kún fún kóló, ìyẹn fínfín dúdú tí àwọn olóólà máa ń fín sára obìnrin láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgúnpá ọwọ́ òsì rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, ihò onígun mẹ́rin ló kù. Abẹ ni wọ́n fi gé e, ojú ibi tí wọ́n gé sì gún régé.

Gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà tuntun ti Yunifásítì Ìmọ́lẹ̀ Tuntun la wà, lójú ọ̀nà Ìdíròkò, lọ́dún 2012. Láyé ìgbà yẹn, bí ìjọ kan kò bá ra oko ẹ lóṣù yìí, òmíràn á rà á lóṣù tó ń bọ̀. Ìjọ tó bá sì ra oko tó tóbi, yunifásítì ló máa kọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn yìí. Ọjọ́ Jímọ̀ nìyí, aago mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá díẹ̀.

"Ta ló rí ẹni tó ṣe é?" Insipẹ́kítọ̀ Mùíbátù Àmọ̀dá bèèrè.

Ọ̀gá mi nìyẹn. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi àbẹ́là, hìjáàbù rẹ̀ kì í wọ́ rárá. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi jù ú lọ, kò sì fìgbà kan pè mí láìfi "Bàbá" ṣáájú. Àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọ̀rọ̀, kò mọ bàbá, kò mọ ìyá.

Màgádì géètì bọ́ síwájú. Dúrójaiyé lorúkọ rẹ̀, ará Ìkirè tó ti fi ọdún mẹ́jọ ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ irin ní Sàngó kí ẹ̀yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún.

"Èmi ni, mà. Sírájúdéènì tá a jọ ń ṣọ́bodè ti lọ kí Jímọ̀. Ó kù díẹ̀ kí aago méjì lù. Mo kàn rí ẹnì kan tó ti inú gbọ̀ngàn jáde, ó wọ kóòtù òjò tó bo orí, ó fi aṣọ bo imú. Mo ní, 'Ta nìyẹn?' Kò dáhùn. Ó kàn na ọwọ́ òsì sókè báyìí, bí ẹni tó ń kí mi, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ. Níbi tó ti nawọ́ ni apá kóòtù ti yọ̀ wálẹ̀, ni mo bá rí ẹyẹ."

"Ẹyẹ báwo?"

"Lékèélékèé, mà. Ó wà lára apá rẹ̀, láàárín ìgúnpá sí ọrùn ọwọ́. Mo mọ ẹyẹ yẹn. Ọmọbìnrin tó ń ya táátù ní Ìyànà Ìyẹsí, òun ló ní in. Ó wá pariwo níbí lọ́jọ́rú."

"Ariwo kí ni?"

Réjísírà yunifásítì ló dáhùn, ọkùnrin kan tó ń nu ojú ní gbogbo ìgbà. "Ó ní òun lòun ya àwòrán yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀ ẹ."

Mo wò ó. *Adérógbà* ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ta ni kò mọ Alàgbà Adérógbà? Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń yàwòrán ní Sàngó. Òun ló ya àwọn áńgẹ́lì sára ògiri ìdajì àwọn ìjọ tó wà ládùúgbò wa.

Mo ti mú ẹ̀wọ̀n ọwọ́ jáde lápò. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí.

*

Nígbà tí a dé ìsọ̀ Ẹfúnróyè, kò dìde. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó gé irun mọ́lẹ̀, ó jókòó ti ọkùnrin kan tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ń kùn bí agbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú obìnrin kan ló ń yà sí àyà ọkùnrin náà.

"Ọlọ́pàá ni wá," mo ní. "Dìde!"

"Mo ti rí yín, sà. Ìyá ọkùnrin yìí ló kú, ojú rẹ̀ ni mò ń fín. Ó ti ní ojú ọ̀tún, kò tíì ní tòsì. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, kí n tẹ̀ lé yín."

Mo ní irú ìsọkúsọ wo nìyí. Insipẹ́kítọ̀ fà mí lápá, ó wá àga, ó jókòó. "Parí ẹ̀," ló wí.

A jókòó níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, àwa ọlọ́pàá méjì, à ń wo bí ojú ìyá kan ṣe ń là. Nùrẹ́nì lorúkọ ọkùnrin náà, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀rá omi píọ̀ wọ́tà ló ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìka rẹ̀ dúdú bí aró. Insipẹ́kítọ̀ bi í léèrè ohun tó fà á.

"Ínkì tí a fi ń tẹ orúkọ sára ọ̀rá ni, mà. Ọṣẹ ò mú un. Kẹrosíìnì ò mú un. Tó bá ti kàn yín, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ìgbà wo lo dé síbí?"

"Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Láti yunifásítì sí Ìyànà Ìyẹsí, ọ̀kadà kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo ṣírò ẹ̀ nínú ọkàn mi pé àyè wà fún un láti gé apá náà kó sì padà kí ọkùnrin yìí tó dé, inú mi sì dùn.

Ní teṣan, mo fún ọmọbìnrin náà ní aṣọ kan pé kó fi bo apá rẹ̀, nítorí àwọn èèyàn ń wò ó. Lékèélékèé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, lápá òsì, dúdú mininjọ. Kò gba aṣọ náà.

"Ara mi ni, Bàbá. Mi ò jí i."

"Ọmọlúàbí kì í ba ara rẹ̀ jẹ́."

Ó gbójú sókè, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, níbi tí àbàjà mi wà. "Èyí tó wà lójú yín ńkọ́? Ṣé wọ́n bèèrè lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó kọ ọ́? Èmi ni mo yan tèmi."

Ọlọ́pàá méjì tó wà ní káńtà bú sẹ́rìn-ín. Mo ká aṣọ náà.

Àlàyé tó ṣe fún Insipẹ́kítọ̀ kò gùn. Ọdún mẹ́ta ló fi bá Alàgbà Adérógbà ṣiṣẹ́. Inú ilé iṣẹ́ ọkùnrin náà ló ti ya àwòrán yẹn, láàárọ̀ kùtù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, kò ní yàrá tó lè gbà á, ló bá fi í sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló rí ojú rẹ̀ lórí káàdì ìpè-síbi-ayẹyẹ.

"Mo lọ sí géètì, wọ́n lé mi. Ní Ọjọ́bọ̀, mo pe Alàgbà lórí fóònù. Mo ní, 'Ẹyẹ tó wà lápá mi yìí, mo yà á sí apá ìyá yẹn, láàárín kóló. Ẹ ò kíyè sí i ni. Lọ́jọ́ Àìkú, máa dúró ti àwòrán náà, máa na apá mi, kí gbogbo ayé wò ó.' Ó pa fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gé e. Orúkọ mi ni wọ́n gé lọ, mà."

"Ṣé o ní fọ́tò apá náà?"

"Fóònù tí mo fi yà á ti bà jẹ́. Ojú nìkan ló sì wà lórí káàdì."

Ọ̀gá teṣan gbọ́ èyí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti jẹ́wọ́ tán! Inú ló bí i tó fi bà á jẹ́. Mùíbátù, kóòtù lọ́jọ́ Ajé." Wọ́n kọ ìwé pé ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n gbé e síwájú rẹ̀. Ẹfúnróyè ka gbogbo rẹ̀, láti òkè dé ilẹ̀, ó sọ bírò sórí tábìlì.

"Mi ò fọwọ́ sí i. Ẹ lè tì mí mọ́ síbí di ọdún tó ń bọ̀."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Insipẹ́kítọ̀ ní ká lọ sọ́dọ̀ Pásítọ̀ Gbọ́ládé, àlùfáà tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Yàtọ̀ sí réjísírà àti Alàgbà tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, òun náà ní kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn. Ó sì ti kọ lẹ́tà méjì pé kí wọ́n má gbé àwòrán náà kọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni mo fura sí i.

Kò tilẹ̀ sẹ́. "Mi ò fẹ́ ẹ, mi ò sì ní fẹ́ ẹ. Obìnrin tí wọ́n fín ara rẹ̀ bí igbá! A sọ fún àwọn ọmọ wa pé ẹni tó bá ya táátù á padà sílé, a wá gbé èyí kọ́ sójú wọn."

"Níbo lẹ wà ní aago méjì lánàá?"

"Mò ń gbàdúrà fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá. Aago méjìlá sí mẹ́ta. Igba akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níwájú mi, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ bi wọ́n." Ó tẹjú mọ́ wa. "Ẹ gbọ́ o, Insipẹ́kítọ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá sun gbogbo rẹ̀ níná ni. Kí ni n fẹ́ fi apá kan ṣe?"

Nígbà tí a padà sínú ọkọ̀, ọ̀gá mi kò jẹ́ kí n ṣáná sí i.

"Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ, Bàbá Ọláṣùpọ̀? Ẹni tí inú ń bí, ojú ló máa ń kọ́kọ́ fà ya. Ẹni tó ṣe èyí kò fara kan ojú. Kò bínú sí àwòrán náà rárá. Ohun kan ló fẹ́ mú kúrò níbẹ̀."

"Ẹyẹ tí ọmọbìnrin yẹn sọ?"

"Tó bá jẹ́ pé ẹyẹ ló wà níbẹ̀, ta ni yóò jàǹfààní bí kò bá sí mọ́? Kì í ṣe Ẹfúnróyè. Ẹ̀rí rẹ̀ ni. Nǹkan kejì: ẹni tó bo orí, tó bo imú, kí ló ń fi apá wo màgádì fún?"

Mo ṣáná sí ọkọ̀.

*

Ilé iṣẹ́ Alàgbà Adérógbà wà lẹ́yìn iléeṣẹ́ bíntín kan ní Sàngó, níbi tí ooru kì í ti í dín. Kò sí iná, fáànù ò yí, òógùn ń ṣàn lẹ́yìn mi. Alàgbà wọ bùbá ọlọ́wọ́ gígùn, ó sì fi bọ́tìnnì dè é dé ọrùn ọwọ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó fún wa ní omi.

"Ẹ kú ìrọ́jú iṣẹ́ yín, sà," Insipẹ́kítọ̀ wí. "Ta ni ìyá inú àwòrán yìí?"

"Obìnrin kan ní Ìbàdàn ni. Mo pàdé rẹ̀ lọ́dún 1998. Ó ti kú tipẹ́."

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti gbàgbé."

"Ẹfúnróyè bá yín ṣiṣẹ́?"

"Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì fún mi. Ó ń po ọ̀dà. Ọwọ́ rẹ̀ kò burú, àmọ́ orí ẹ̀ gbóná. Ó fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, ó ń fi abẹ́rẹ́ gún ọmọ ọlọ́mọ."

"Ẹ mọ ẹyẹ tó wà lápá rẹ̀?"

"Èmi kì í wo apá ọmọbìnrin." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó ṣẹ̀wọ̀n. Ẹ bá mi sọ fún un: tó bá lè dọ̀bálẹ̀... tó bá lè kúnlẹ̀ níwájú àwọn èèyàn lọ́la, kó ní òun parọ́ mọ́ mi, màá fa ẹjọ́ náà tì."

Ọ̀gá mi dúró lẹ́bàá pákó kan tó kó agolo ọ̀dà sí. Agolo ínkì dúdú mẹ́ta wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣí sílẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn sókè: ínkì tí a fi ń tẹ orúkọ sára ọ̀rá.

Lóòótọ́, a jẹ́ iṣẹ́ Alàgbà. Ẹfúnróyè gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn irin sẹ́ẹ̀lì. Ojú rẹ̀ ti pupa, kò tíì sùn.

"Kí n kúnlẹ̀? Tó bá jẹ́ pé mo jí nǹkan rẹ̀ ni, màá kúnlẹ̀, màá tún dojú bolẹ̀. Ẹ sọ fún un pé mo dúró."

Insipẹ́kítọ̀ ránṣẹ́ pe Dúrójaiyé. Nígbà tó dé, ó ní kó nawọ́ sókè gẹ́lẹ́ bí ẹni ọjọ́sí ṣe nà án.

"Nígbà tí ọwọ́ wà lókè báyìí, orí ẹyẹ náà ńkọ́? Ó kọjú sí ìka ni tàbí sí ìgúnpá?"

"Sí ìka, mà. Orí lókè, ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, ó dúró ṣánṣán bíi pé ó fẹ́ fò lọ sọ́run."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Mo máa ń ṣọdẹ nígbà tí mo wà lábúlé, mà. Mi ò lè rí ẹyẹ kí n má mọ ibi tí orí ẹ̀ kọjú sí."

Ọ̀gá mi yíjú sí sẹ́ẹ̀lì. "Ẹfúnróyè, na ọwọ́ òsì rẹ sókè."

Ó nà án. Mo wò ó, mo tún un wò. Lékèélékèé dorí kodò! Orí rẹ̀ kọjú sí ìgúnpá, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà sí ọ̀run.

Dúrójaiyé fọwọ́ bo ẹnu. "Kì í ṣe apá yìí," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, kì í ṣe apá yìí ni mo rí."

"Mo mọ̀," ọ̀gá mi wí. "Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni ìdí tí ti ẹni yẹn fi kọjú síbòmíràn." Ó súnmọ́ irin. "Ìyá inú àwòrán ńkọ́? Ta ni?"

"Ìyá àgbà mi ni. Ìyá tó bí ìyá mi. Wọ́n wà ní Àtàn."

"Wọ́n wà láàyè?"

Ẹfúnróyè ṣẹ́jú. "Ta ló sọ pé wọ́n ti kú?"

*

Kí aago mẹ́sàn-án tó lù lọ́jọ́ Àìkú, a ti dé Àtàn-Ọ̀tà. Ọ̀gá teṣan pe Insipẹ́kítọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà. Ó ní kó fi ẹjọ́ tó ti parí sílẹ̀. Nígbà kẹrin, Insipẹ́kítọ̀ pa fóònù náà, ó sọ ọ́ sínú báàgì.

Obìnrin kan jókòó lẹ́yìn ilé, ó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, mo dá a mọ̀. Obìnrin inú àwòrán ni. Ẹ̀rín kan náà ni, èjìká kan náà ni, kóló kan náà ni. Àfi pé eléyìí ní apá, ẹyẹ lékèélékèé sì wà lórí rẹ̀, ó ti ṣá díẹ̀.

Ìyá Àgbà Oyèbọ́lá lorúkọ rẹ̀. A sọ ohun tó gbé wa wá. Kò sunkún. Ó kàn ń fi ọ̀bẹ bẹ ẹ̀gẹ́ lọ, kíákíá, èèpo ń fò.

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ mi fi jókòó níwájú mi níbí, tó ń yà mí sórí ìwé," ó ní. "Gbogbo ojúlé yìí ló rí i. Àwọn kan ní kí n lọ wọ bùláòsì. Mo ní mi ò wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fín kóló yìí fún mi, mi ò ké. Ṣé ọjọ́ tí wọ́n máa yà mí ni n óò wá máa tijú?"

Insipẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na apá yín sókè."

Ó nà án. Ẹyẹ dorí kodò, gẹ́gẹ́ bí ti ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?"

Ìyá náà wò ó bí ẹni tí ọmọdé bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Ta ló ń rìn tòun ti ọwọ́ lókè? Ọwọ́ mi wà nílẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú mi ló máa wò ó. Olóólà jókòó níwájú mi, ó fín in kí ojú tirẹ̀ lè rí i bó ṣe yẹ. Èmi tí mo ni apá, lódìkejì ni mò ń rí i. Wọ́n kì í fín nǹkan fún ẹni tó ni ara. Ẹni tó ń wò ó ni wọ́n ń fín in fún."

"Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló yà á sára ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹni náà á yà á kó kọjú síbi tí òun ti ń wò ó. Orí á wà ní ìka."

Insipẹ́kítọ̀ dìde, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Bàbá Ọláṣùpọ̀, ẹ gbọ́. Kì í ṣe táátù ni Dúrójaiyé rí. Ẹnì kan mú búrọ́ọ̀ṣì, ó ya ẹyẹ Ẹfúnróyè sí apá òsì ara rẹ̀, ó wá mọ̀ọ́mọ̀ nà án sókè kí màgádì lè rí i. Ó rántí gbogbo ìyẹ́ rẹ̀, ó gbàgbé ibi tí orí kọjú sí. Ta ló mọ ẹyẹ náà tó bẹ́ẹ̀? Ta ló lè yà á kó jọ? Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ nítorí iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbé kọ́? Ta ló de bọ́tìnnì dé ọrùn ọwọ́ nínú ooru Sàngó?"

"Ínkì," mo wí. "Ínkì ọ̀rá omi. Kò tíì kúrò lára rẹ̀."

"Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ múra. A fẹ́ kí ẹ bá wa jáde."

Ìyá Àgbà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mo ti múra," ó ní. Ó tún ìró rẹ̀ so mọ́ àyà, kò mú ìborùn.

*

A kọ́kọ́ yà sí teṣan. Bí Insipẹ́kítọ̀ ṣe mú Ẹfúnróyè jáde ní sẹ́ẹ̀lì láìgba àṣẹ, èmi kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí aago mẹ́rin tó lù, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ gbọ̀ngàn náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti kún ibẹ̀, àwọn òbí, àwọn àlejò. Wọ́n fi aṣọ funfun bo ihò inú àwòrán. Alàgbà Adérógbà jókòó níwájú nínú agbádá. Ọ̀gá teṣan náà jókòó síbẹ̀, nígbà tó rí wa, ojú rẹ̀ dúdú.

Insipẹ́kítọ̀ rìn tààrà lọ síwájú.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún wa. Ta ni ìyá inú àwòrán yìí?"

"Insipẹ́kítọ̀, ibi ayẹyẹ la wà."

"Ìbéèrè kan péré ni, sà."

"Mo ti sọ fún yín. Obìnrin kan ní Ìbàdàn ni. Ó ti kú."

Ìyá Àgbà Oyèbọ́lá jáde láti ẹ̀yìn mi. Ó rìn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, ó kọjú sí gbogbo èèyàn. Ariwo ta nínú gbọ̀ngàn náà. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan dìde lórí àga, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ìyá náà fa aṣọ funfun yẹn kúrò, ihò náà là gbàgà, ó sì na apá tirẹ̀ síbẹ̀. Apá náà bá ihò mu bí ọwọ́ ṣe ń bá ìbọ̀wọ́ mu.

"Èmi ni mo kú ní Ìbàdàn," ó ní. "Mo wá kí ẹni tó sin mí."

Ó rìn lọ bá Alàgbà, ó na ọwọ́ sí i. Níbi tí àgbàlagbà bá ti nawọ́ síni lójú àwùjọ, èèyàn ò lè ṣaláì gbà á. Adérógbà na ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá Àgbà mú òsì. Ó di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó ká agbádá, ó já bọ́tìnnì bùbá.

Ara apá náà pupa, ó bó, bí ohun tí wọ́n fi kànìnkànìn ha fún ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n lékèélékèé náà ṣì wà níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn gígùn, ẹsẹ̀ gígùn. Orí rẹ̀ kọjú sí ìka.

"Ẹni tó fín èyí fún ọ kò mọṣẹ́," ni Ìyá Àgbà wí.

Dúrójaiyé ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Òun nìyẹn!" ló ké. "Ẹyẹ tí mo rí nìyẹn!"

Alàgbà Adérógbà jókòó. Kò sá, kò jiyàn. Ó fa apá bùbá rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń bo òkú.

*

Òun fúnra rẹ̀ ló mú wa dé ilé iṣẹ́. Ó sún àwòrán áńgẹ́lì kan lára ògiri. Apá tó gé náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fi aṣọ mímọ́ wé e. Kóló náà hàn kedere, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé ibi tí lékèélékèé ti dúró láàárín wọn.

Èmi ni mo bi í. Mi ò lè pa á mọ́ra. "Kí ló dé tẹ́ ò dáná sun ún? Ẹ̀rí kankan ò bá má sí."

"Mo ṣá ìṣáná lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ya apá èèyàn. Mi ò yà á kó rí báyìí rí. Mi ò lè sun ún."

Ẹfúnróyè dúró lẹ́yìn wa. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Omijé ló wà lójú rẹ̀, inú sì ń bí i.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi wà nínú yàrá yìí, sà. Ẹ ò sọ ìyẹn fún mi lọ́jọ́ kan."

Mo fi ẹ̀wọ̀n sí ọwọ́ Alàgbà.

Lọ́jọ́ kejì, réjísírà wá sí teṣan. Ó ní yunifásítì ṣetán láti gbé àwòrán náà kọ́ lórúkọ Ẹfúnróyè. Ohun kan péré ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́: kó wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn lọ́jọ́ náà, kí ìyá rẹ̀ àgbà náà sì wọ bùláòsì, nítorí òfin ilé ẹ̀kọ́.

"Ṣé ẹ fẹ́ gbé apá wa kọ́ sára ògiri, ẹ ò wá fẹ́ kí a gbé e wọlé?" Ẹfúnróyè bi í. "Ẹ bá mi gbé àwòrán mi jáde."

Wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀ fún kóòtù, apá tí wọ́n gé nìkan ni wọ́n dá dúró. Èmi àti Dúrójaiyé la gbé ìyókù sẹ́yìn ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù lọ́jọ́ tí mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́. A gbé e dé Ìyànà Ìyẹsí. Ẹfúnróyè ní ojú títì ló máa kọjú sí, lára ògiri ìta, kí gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí yunifásítì àti èyí tó ń lọ sí ìjọ máa rí i tòun ti ihò rẹ̀.

Mo ti kan ìṣó kan nígbà tí onílé sáré dé. Ó ní kò ṣeé ṣe. Ó ní àwọn èèyàn ìjọ ti pe òun. Ó ní kí a gbé ère ọ̀hún kúrò lára ilé òun, kó tó di wàhálà.

Ìyá Àgbà Oyèbọ́lá fa bẹ́ǹṣì kan sábẹ́ àwòrán náà, ó jókòó, ó gbé apá rẹ̀ méjèèjì lé orúnkún níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i.

"Ère ọ̀hún rèé," ó ní. "Èmi ni kí o kọ́kọ́ wá gbé."

Onílé wò ó. Ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń na fóònù sókè. Ó wá wo èmi, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ kí ọlọ́pàá gba òun.

Ẹfúnróyè na ìṣó kejì sí mi. Mo gbà á, mo sì kàn án wọlé.